Iṣẹ́ Ẹrú, Tí A Fi Tọmọ Jẹ́

Bíbélì Kíkà: Jóòbù 29:7–17

 

Nínú ibi tí a kà yìí, Jóòbù ń rántí ìgbà tí nǹkan ṣì dán fún un. Bí a bá ti dárúkọ Jóòbù, orí eérú la máa ń rí i sí, pẹ̀lú eéwo lára àti àpáàdì lọ́wọ́. A kì í rántí pé ẹni tó wà nípò ni kí ìyọnu tó dé. Ó ní àga tirẹ̀ lẹ́nu ibodè ìlú, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́. Bí ó bá yọ lókèèrè, àwọn ọ̀dọ́ á fara pamọ́, àwọn àgbà á dìde dúró, àwọn ìjòyè á pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ sọ ohun tí ó fi ipò náà ṣe, kò ka iye màlúù, kò dárúkọ ilé tí ó kọ́. Ó ní òun ni ojú fún afọ́jú, òun ni ẹsẹ̀ fún arọ. Ó ní òun a máa já ohun tí ìkà ti há sẹ́nu gbà láàárín eyín rẹ̀. Láàárín gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá wọ̀nyí, ní ẹsẹ kẹrìndínlógún, gbólóhùn kékeré kan wà tí a máa ń sáré kà kọjá: pé ẹjọ́ ẹni tí òun kò tilẹ̀ mọ̀ rí, òun a máa tọpinpin rẹ̀ dé ìdí.

Ẹsẹ yẹn ni mo fẹ́ kí a jókòó tì lónìí. Ẹni tí mo sì fẹ́ fi ṣe àlàyé rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Owó orí tí ẹ ń san ní Cook County yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń san owó oṣù rẹ̀. Thomas Dart ni orúkọ rẹ̀, òun ni ṣẹ́rífù.

Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò wá ṣe kámpéènì. Olóṣèlú ni Dart, inú ẹgbẹ́ Democrat ló wà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ yìí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ yẹn sétí, àwọn kan kò sì ní dìbò fún òmíràn títí Olúwa yóò fi dé. Kí tọ̀tún-tòsì fi kádì ìdìbò sápò ná, kí a jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé: nílé, bí a bá rí akódà kóòtù tó ń bọ̀ lọ́nà, a ti mọ̀ pé ire kọ́. Ṣẹ́rífù ni ọ̀gá irú àwọn akódà bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, àfi pé ìdìbò ló ń gbé e dé ipò, ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Abẹ́ rẹ̀ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n county wà. Òun ló ń fi ẹ̀ṣọ́ sí àwọn ilé ẹjọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà ló máa ń lọ kó ènìyàn jáde nílé bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé. Iṣẹ́ tí kò ní ìyìn ni. Ẹni tí ṣẹ́rífù bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í sábà sọ pé ẹ káàbọ̀.

Chicago níhìn-ín ni wọ́n ti bí Dart, lọ́dún 1962. Ó lọ sí Providence College ní Rhode Island, ó padà wá kọ́ òfin ní Loyola. Ilé ẹ̀kọ́ Àgùdà ni méjèèjì. Ó ṣe agbẹjọ́rò ìjọba, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Springfield, ó sì lo bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Lọ́dún 2002 ó díje fún ipò akápò ìpínlẹ̀ Illinois, ó fìdí rẹmi. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bá ṣẹ́rífù tó wà lórí àga nígbà náà ṣiṣẹ́, títí tí wọ́n fi dìbò yan òun náà lọ́dún 2006. Ìtàn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń wá ọmọ tálákà tí ó ti inú ìgbẹ́ wá gorí ìtẹ́, ẹ lọ wo fíìmù. Ọkùnrin yìí kàwé, ó ṣe òṣèlú, ó jáwé olúborí, ó sì já kulẹ̀. Ohun tí ó ṣe nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀ ló mú mi dárúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 2008. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín nígbà náà kò lè gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ilé dàrú. Àwọn bánkì ti yá àwọn ènìyàn lówó ilé tí agbára wọn kò ká, èlé ń gorí èlé, ilé sì ń bọ́ padà sọ́wọ́ bánkì lọ́tùn-ún lósì. Ní Cook County nìkan, ẹjọ́ gbígba ilé tí ó wà ní nǹkan bí 19,000 lọ́dún 2006 ni wọ́n ń retí pé yóò lé ní 40,000 lọ́dún náà. Bí bánkì bá ti jàre ní kóòtù, ìwé á dé ọ́fíìsì ṣẹ́rífù: ẹ lọ kó wọn jáde.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ Dart á lọ, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí yóò yọjú sí wọn kì í ṣe ẹni tó jẹ bánkì lówó. Ayálégbé ni. Ó ti sanwó ilé oṣù náà, risíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé ti gba owó yẹn, kò fún bánkì ní kọ́bọ̀ níbẹ̀, kò sì sọ fún ayálégbé pé ẹjọ́ wà ní kóòtù. Orúkọ ayálégbé yìí kò sí nínú ìwé ẹjọ́. Kò gba nótíìsì. Ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ nípa gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni gbàm-gbàm ọwọ́ ọlọ́pàá lára ilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò ọbẹ̀, báàgì ìwé àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ á ti wà létí títì, lójú gbogbo àdúgbò.

Lójú òfin, kò sí àbùkù kankan nínú ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣẹ́rífù ṣe. Adájọ́ ti fọwọ́ sí i. Wọ́n rán wọn níṣẹ́, wọ́n jẹ́ ẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Dart léèrè, ó lè na ìwé náà síta pé ẹ wò ó, kì í ṣe èmi.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Dart pe àwọn oníròyìn jọ. Ó ní òun kò ní rán ọmọ iṣẹ́ òun lọ lé ẹnikẹ́ni jáde mọ́ lórí ọ̀rọ̀ gbèsè ilé, àfi bí àwọn bánkì bá kọ́kọ́ ṣe ìwádìí tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe, kí wọ́n sọ fún òun ẹni tó ń gbé inú ilé náà gan-an. Ó mọ̀ pé adájọ́ lè ní òun ṣàfojúdi sí kóòtù. Ẹgbẹ́ àwọn bánkì ní Illinois figbe ta, wọ́n ní ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣòfin.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò ṣe o. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má san gbèsè. Kò fa ìwé kóòtù ya. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló dúró lé lórí: ta ló wà nínú ilé? Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ṣe ètò tuntun ní kóòtù, iṣẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bánkì ti ní láti kọ́kọ́ fi ẹ̀rí ẹni tó ń gbé ilé hàn. Nígbà tí ó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 2009, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin kan ní Washington tí ó fún irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́, ó kéré tán. N kò sọ pé Dart ló ṣòfin yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí òfin tó dé, ẹnì kan ti dá ọwọ́ ìkà dúró ní ìlú tiwa.

Àwọn bàbá wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú a máa jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́, nítorí pé kò ní ẹnu. Ọmọ a máa fi làákàyè kún un, nítorí pé orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń gbé kiri. Ibi tí Jóòbù ti rí ẹsẹ kẹrìndínlógún nìyẹn. Ó mọ orúkọ ẹni tí òun ń jẹ́ iṣẹ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ẹlòmíràn tí wọ́n rán níṣẹ́. Pílátù. Ẹ má ṣe rò pé Pílátù kò ṣe ìwádìí. Ó ṣe é. Ó mú Jésù wọlé, ó bi í léèrè, ó tún jáde lọ bá àwọn Júù, ó tún wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó yọwọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé òun kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ó mọ òótọ́! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní bí ó bá dá a sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ Késárì mọ́, ó bu omi, ó fọwọ́ rẹ̀. Àga rẹ̀ ló rò. Nítorí náà, ará, ìwádìí nìkan kò tó. Ẹni tó wádìí, tí òótọ́ sì hàn sí i, tí ó wá ṣe bí ẹni tí kò rí i, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju ti ẹni tí kò wádìí lọ.

Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ńkọ́? Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kejìdínlógún, igbe Sódómù ti dé ọ̀run. Ta ni yóò kọ́ Ọlọ́run ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Sódómù? Síbẹ̀, ó sọ fún Ábúráhámù pé òun ń sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó bóyá bí igbe náà ṣe dé etí òun ni ọ̀ràn náà rí. Aláṣẹ ayé àti ọ̀run kò fi ti à-gbọ́-sọ dájọ́. Èmi àti ìwọ, voice note ìṣẹ́jú méjì lórí WhatsApp ti tó wa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sílé báyìí, kí ẹ má baà rò pé àwọn bánkì òyìnbó nìkan ni mò ń bá wí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ilé ní Nàìjíríà. À ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó níbí, ọ̀sán ní ọsibítù, òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, a fi kọ́lé sí Ìbàdàn, a fi kọ́ sí Ìkòròdú, a fi kọ́ sí Òṣogbo. Ayálégbé wà nínú wọn. Bí owó ilé bá ti falẹ̀, a ó tẹ àbúrò wa láago: “Kò sanwó, kó kẹ́rù ẹ̀.” Àbúrò á pe àwọn géńdé méjì, wọ́n á gun òkè, wọ́n á yọ páànù. Nínú oṣù keje! Òjò á máa rọ̀ sórí àga, sórí àpótí, sórí aláboyún. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́sẹ́ẹ̀jì á wọlé pé ó ti kó lọ, a ó sì ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọ̀tá ti sá lọ.

Mo rí i pé àwọn kan ti ń wo ilẹ̀. Ẹ gbé ojú sókè, n kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ṣé a bèèrè bóyá ayálégbé ọ̀hún ti san owó náà fún àjẹ́ǹtì, tí àjẹ́ǹtì fi ṣe ìkómọ? Ṣé a bèèrè lọ́wọ́ àbúrò wa pé kí ó fi risíìtì ọdún tó kọjá hàn wá? Ẹni tí ilé ń jò lé lórí fún oṣù mẹ́fà, tí ó fi owó ara rẹ̀ ra páànù, tí a kò sì gé e kúrò nínú owó ilé rẹ̀, ṣé a gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bàbá wa kò ní ó kàn ṣe àṣìṣe o. Òṣìkà ni wọ́n pè é, wọ́n tún fi àgbà kún un.

Mo mọ̀ pé àwọn ayálégbé kan wà tí wọ́n burú. Mo mọ àwọn tí wọ́n jókòó sínú ilé onílé fún ọdún mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀, tí wọ́n tún ń bú onílé. Kóòtù wà fún wọn, kí ẹ lọ síbẹ̀. Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n jáde, kí wọ́n jáde, àánú kò sọ pé kí a pa ẹ̀tọ́ ẹni tì. Ṣùgbọ́n yíyọ páànù kì í ṣe ìdájọ́.

Ní oṣù keje ọdún 2009, ọ̀ràn mìíràn tún dé iwájú Dart, èyí tó jẹ́ pé òkú ni wọ́n ṣẹ̀, òkú kò sì lè pẹjọ́. Ilẹ̀ ìsìnkú kan wà ní Alsip, kò jìnnà sí Chicago, Burr Oak ni wọ́n ń pè é. Láyé ìgbà tí àwọn òyìnbó kò gbà kí òkú aláwọ̀ dúdú sùn ti òkú tiwọn, ibẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú yìí ń sin èèyàn wọn sí. Dinah Washington tó jẹ́ akọrin wà níbẹ̀. Ezzard Charles tó gba bẹ́líìtì ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé wà níbẹ̀. Emmett Till wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí àwọn òyìnbó pa ní ìpakúpa ní Mississippi ní oṣù kẹjọ ọdún 1955. Ìyá rẹ̀, Mamie Till, kọ̀ kí wọ́n dé pósí. Ó ní kí gbogbo ayé wá wo ohun tí wọ́n fi ojú ọmọ òun ṣe. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ní South Side níhìn-ín ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì tò kọjá níwájú rẹ̀.

Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ Burr Oak ń ṣe? Wọ́n ń hú òkú. Sàréè tó ti pẹ́, tí wọ́n rò pé ẹbí rẹ̀ kò ní wá mọ́, wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á kó egungun inú rẹ̀ lọ dà sínú igbó lẹ́yìn ọgbà, wọ́n á tún ilẹ̀ náà tà fún ẹlòmíràn, wọ́n á pa owó náà mọ́. Ọ́fíìsì ṣẹ́rífù ní ó tó nǹkan bí 300 sàréè. Nínú ṣẹ́ẹ̀dì kan ni wọ́n ti bá pósí àkọ́kọ́ ti Emmett Till. Ìjọba ti hú òkú rẹ̀ jáde lọ́dún 2005 láti ṣàyẹ̀wò, wọ́n sì fi pósí tuntun sin ín padà. Èyí àkọ́kọ́, tí gíláàsì wà lójú rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ fi fi í han aráyé, ni wọ́n jù síbẹ̀ tí ó ń dípẹtà, tí ẹranko igbó sọ di ibùgbé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn kò fọwọ́ kan sàréè rẹ̀. Pósí yẹn wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington lónìí.

Ọmọ Yorùbá ni mò ń bá sọ̀rọ̀, n kò ní láti ṣàlàyé sàréè fún yín. Àwa tí a sin bàbá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí a bo ojú ibojì rẹ̀ ní táìsì, tí a ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí yàrá. Bí ìròyìn yẹn ṣe jáde, ẹbí ń wọ́ tìrítìrí lọ sí Burr Oak. Àwọn ìyá àgbà ń rìn nínú koríko pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n ń wá òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ìyá wọn sí, wọn kò rí i. Dart ti ọgbà náà pa, ó ní gbogbo rẹ̀ pátá ni ibi tí wọ́n ti dá ọ̀ràn, ó sì fi àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ láti máa bá àwọn ẹbí wá ibi tí èèyàn wọn wà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó jẹ́ alábòójútó ilẹ̀ náà gbà pé òun jẹ̀bi lọ́dún 2011, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún méjìlá.

Òkú kì í dìbò. Òkú kì í san owó orí. Olóṣèlú tó bá fi odindi oṣù wá egungun olóòkú, n kò lè sọ pé ìbò ló ń wá.

Ó tún ṣe ohun tó fara jọ ọ́ lọ́dún 2011. Ọkùnrin apààyàn kan wà ní àgbègbè yìí láyé ọdún 1970, John Wayne Gacy, tí ó pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí ó ri èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mọ́ abẹ́ ilé rẹ̀. Ìjọba ti pa á lọ́dún 1994, gbogbo ènìyàn ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, wọ́n sin wọ́n láìsí orúkọ. Dart ní kí wọ́n hú egungun wọn, kí àwọn ẹbí tí ọmọ wọn sọnù nígbà náà wá ṣe àyẹ̀wò DNA. Títí di ọdún 2021, wọ́n ti rí orúkọ ọmọ mẹ́ta. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni pé wọ́n tún bá àwọn kan tí ẹbí ti ṣọ̀fọ̀ wọn láàyè, wọ́n wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ má pariwo “Halelúyà” jù, ẹ rántí ìyá tó ti kú kó tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ gba 26th Street àti California mọ ibẹ̀, éékà 96, ògiri àti wáyà. Nínú mẹ́ta tí wọ́n bá tì mọ́bẹ̀, ẹnì kan máa ń jẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Lọ́dún 2012, ìlú Chicago ti mẹ́fà pa nínú ilé ìtọ́jú ọpọlọ méjìlá tó ní. Níbo ni àwọn aláìsàn máa lọ? Ẹni tó bá wọ ilé onílé lọ sùn nítorí òtútù, tàbí tó bá mú búrẹ́dì láìsanwó, ọ̀dọ̀ Dart ló máa parí ìrìn rẹ̀ sí. Dart ń pariwo níbi gbogbo pé wọ́n ti sọ ẹ̀wọ̀n òun di ilé ìwòsàn wèrè. Lọ́dún 2015 ó mú Nneka Jones Tapia, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ó fi í ṣe olórí ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Dart náà ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ṣẹ́ẹ̀sì, lọ́dún 2013 wọ́n sì bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n Rọ́ṣíà ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Alásè kan, ọmọ Ítálì, ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe písà.

Àwọn kan á ní ṣé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wá ṣe ni tàbí ìsinmi. Ẹ lọ ka Mátíù 25. Ọba náà ní òun wà nínú túbú. Ẹ wá a títí nínú orí yẹn, ẹ kò ní rí ibi tí ó ti sọ pé ẹlẹ́wọ̀n náà kò jẹ̀bi.

Nípa ọ̀rọ̀ ọpọlọ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan sí i. Àwa náà ní wọn nílé. Ọmọ kan á máa dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, a ó ní àdúrà ló kù, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí àwọn ará ìjọ má baà gbọ́. A ó pa á mọ́ títí òru ọjọ́ kan tí ọlọ́pàá yóò fi wá mú un. Ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. A ó gbàdúrà sí i, ẹ mú un lọ.

Ṣé Dart kò ní àléébù ni? Ó ní. Lọ́dún 2008 kan náà tí ó gbèjà àwọn ayálégbé, ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé jáde pé wọ́n ń lu àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀, pé ìtọ́jú ìlera wọn kò dára. Láti 2010 títí di 2017 ni àwọn alábòójútó láti kóòtù fi wà lọ́rùn ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020, ibẹ̀ wà lára ibi tí àrùn náà ti tàn jù ní Amẹ́ríkà, ẹlẹ́wọ̀n kú, adájọ́ sì ní láti pàṣẹ pé kí wọ́n fún wọn ní ọṣẹ, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún wọn, kí wọ́n fi àyè sí àárín wọn. Ìbéèrè tí ó bi àwọn bánkì ni wọ́n wá bi òun náà. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibí lọ sọ ẹ̀dá di òrìṣà. Pọ́ọ̀lù, nínú Róòmù 13, pe aláṣẹ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ìránṣẹ́ ni. A ó yìn ín níbi tó ti jíṣẹ́ dáadáa, a ó bi í léèrè níbi tí kò ti jẹ́ ẹ.

Kò sí ẹni tí kò ní ibodè tirẹ̀ nínú yín. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ wọ́dà, tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì àti ẹni tí yóò sinmi. Ẹ̀yin adènà tí ẹ ń lé ìyá ọlọ́mọ lọ sẹ́yìn nítorí pé ó pẹ́, ẹ bi í kí ló dé kí ẹ tó fojú burúkú wò ó. Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀.

Ẹ̀yin onílé, tiyín ló kù. Ẹni tó ní ayálégbé nílé, tí ọ̀rọ̀ owó bá wà láàárín wọn, kí ó pe ayálégbé náà fúnra rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe àjẹ́ǹtì, kì í ṣe àbúrò. Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà rẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, bí wọn kò bá sì fẹ́ fún yín, ẹ ti mọ ibi tí ìwádìí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Aago kan ọ̀sán la ó túká níbí, aago méje alẹ́ ni yóò jẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó sùn.